Alárinà Orí Rédíò

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi bá Màmá Obdulia Barraza ṣiṣẹ́ ní ilé rédíò kékeré tó wà ní Puerto Sábalo, mi ò sì tíì rí ẹni tó fẹ́ràn ìbéèrè bíi tiwọn. Tí ẹ bá pàdé wọn lọ́nà Máàsì, wọ́n á bi yín pé kí lẹ sè lánàá. Tí ẹ bá ní ọbẹ̀ ẹja ni, wọ́n á bi yín pé irú ẹja wo, ta ló pa á, ṣé ẹni náà ti gbéyàwó. Àwọn tí kò mọ̀ wọ́n dáadáa a máa pè wọ́n ní olófòófó. Ṣùgbọ́n olófòófó á gbọ́ ọ̀rọ̀ níbí, á gbé e dé ọ̀hún. Ọ̀rọ̀ tó bá wọ etí Màmá Obdulia, ibẹ̀ ló ń gbé. Wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Iṣẹ́ telọ ni iṣẹ́ wọn. Aṣọ ìgbéyàwó, aṣọ ìrìbọmi, yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé, kò sí èyí tí wọn kì í rán. Àmọ́ lọ́jọ́ Sátidé, tó bá ti ku díẹ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lù, wọ́n á bọ́ téèpù ìwọ̀n kúrò lọ́rùn, wọ́n á kun ètè bí ẹni pé àwọn olùgbọ́ ń rí wọn, wọ́n á wá jókòó sídìí máìkì. "Ta Ló Ń Wá Ta?" lorúkọ ètò wọn. Ẹni tó bá ń wá ọkọ tàbí aya á kọ lẹ́tà, á jù ú sínú àpótí tí a kàn mọ́ ẹnu ọ̀nà, Màmá á sì kà á sétí gbogbo ìlú àti àwọn abúlé etí odò. Èmi Libardo ni mò ń yí bọ́tìnnì, tí mò ń fi orin cumbia sí àárín lẹ́tà kan sí èkejì, tí mo sì ń so ìpè tẹlifóònù mọ́ ètò. Lóòótọ́, àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi fóònù wá ara wọn báyìí, ṣùgbọ́n láwọn abúlé tó wà lókè odò, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í wọlé àfi tí èèyàn bá gun igi máńgòrò. Rédíò ni tiwọn.

Ọdún tí ètò náà bẹ̀rẹ̀ ni ọkùnrin kan láti òdìkejì odò kọ̀wé pé ìyàwó òun ti kú, òun ń wá òmíràn. Màmá kà á tàánútàánú. Obìnrin méjì ti ń lọ aṣọ láti lọ rí i. Ọjọ́ kẹta, obìnrin kan já wọ ilé rédíò, bàtà lọ́wọ́, òógùn lójú.

Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o. Èmi ni olóògbé."

Láti ọjọ́ yẹn, Màmá Obdulia kì í ka lẹ́tà ẹnikẹ́ni tí wọn ò bá tíì fojú ara wọn rí. Wọ́n á gbé agboòrùn, wọ́n á wá ẹni náà délé tàbí síbi iṣẹ́, wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á máa bi í léèrè bí ẹni ń wọn aṣọ fún un. Ìbéèrè kan wà tí wọn kì í fò: "Tí inú bá bí ẹ, kí lo máa ń ṣe?" Ẹni tó bá dáhùn pé inú kì í bí òun, wọ́n á ya lẹ́tà rẹ̀.

Àwọn fúnra wọn kò lọ́kọ. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni wọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ohun tí ìlú ń sọ ni pé àfẹ́sọ́nà wọn kú sódò nígbà tí wọ́n wà léwe. Wọn kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọn kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Oṣù kẹta ọdún 2017 ni a bá lẹ́tà kan nínú àpótí, lórí ìwé ìṣirò tí òróró ẹ́ńjìnnì ti kàn létí. Màmá kà á lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n tún un kà, wọ́n wá nà án sí mi.

"Libardo, ka eléyìí sí mi létí. Mo fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń dún."

Mo kà á. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: "Orúkọ mi ni Leandro Cogollo. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni mí. Mò ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ní etí èbúté, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta yìnyín. Nígbà tí wọ́n bí mi, wọ́n ní obìnrin ni mí. Ọkùnrin ni mí. Mo fẹ́ kí ẹ kà á bó ṣe wà, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ lọ́la pé mo tan òun. Mo mọ ijó jó; mò ń wá obìnrin tó fẹ́ràn ijó, tí òróró ẹ́ńjìnnì ò sì bà lẹ́rù."

Mo rẹ́rìn-ín. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín.

Màmá wò mí. "Kí ló pa ẹ́ lẹ́rìn-ín?"

Mo ní, "Màmá, ẹnìkan ń fi wá ṣeré ni."

"Ẹni tó ń fi èèyàn ṣeré kì í júwe ṣọ́ọ̀bù ẹ̀." Wọ́n ká lẹ́tà náà sínú báàgì. "Ọ̀la la máa lọ. Àbí o ò fẹ́ mọ̀?"

Mo fẹ́ mọ̀. Ìdí tí mo fi tẹ̀ lé wọn nìyẹn, kò sí ìdí mìíràn.

Òrùlé páànù ni ṣọ́ọ̀bù Leandro, ó so àwọn ẹ́ńjìnnì kọ́ sórí igi bí ẹran lọ́jà alápatà. Ọkùnrin kúkúrú ni, apá rẹ̀ ki pọ́pọ́, irun ètè rẹ̀ tín-ínrín, ó sì ti bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì dé ọ̀fun nínú ooru yẹn. Bó ṣe rí Màmá, ó fa àga kan jáde, ó fi àkísà nù ún, ó tún fi etí ṣẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀ nù ún.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ẹ má bínú sí ilẹ̀ yìí o, ó ń yọ̀."

Màmá ò tíì jókòó. Wọ́n ń wò ó. "Mo mọ ojú yìí."

"Ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin lẹ rán aṣọ ọjọ́ ìbí ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún mi."

Mo rí i bí ojú Màmá ṣe yí padà. Wọ́n jókòó díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní, "Aláwọ̀ òdòdó. Ọwọ́ rẹ̀ wú bí fùkẹ̀. O sunkún láti ìgbà tí mo ti ń wọ̀n ọ́ títí mo fi rán an tán."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Mo rò pé abẹ́rẹ́ ló ń gún ẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ yẹn."

"Kì í ṣe abẹ́rẹ́, Màmá. Ẹ̀yin tiẹ̀ ṣe jẹ́jẹ́. Ìyá mi ló ń pariwo."

Màmá mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é nígbà náà, torí àwọn ló fi okùn wúrà kọ ọ́ sára ìgbànú aṣọ ọ̀hún. Wọn kò dárúkọ náà lọ́jọ́ yẹn, mi ò sì gbọ́ ọ lẹ́nu wọn títí dòní. Èmi náà ò ní kọ ọ́ síbí.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Leandro ní òun fi ìlú sílẹ̀ lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún, òun lọ sí Barranquilla, òun kọ́ṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ pe òun ní Leandro, ọ̀gá òun ló sì sọ òun bẹ́ẹ̀ torí pé ó rí i pé òun kì í dáhùn sí orúkọ àtijọ́. Ọdún méjì sẹ́yìn ni òun padà wálé nígbà tí ìyá òun dùbúlẹ̀ àìsàn. Ìyá náà ti kú báyìí.

Màmá bi í pé, "Kí ni ìyá ẹ ń pè ẹ́ nígbà tó o dé?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "'Ìwọ yìí.' 'Ìwọ yìí, bu omi fún mi.' 'Ìwọ yìí, o ti pẹ́ jù.' Kò lè pe tuntun, kò sì fẹ́ fi àtijọ́ bí mi nínú. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Ohun tí agbára ẹ̀ ká nìyẹn."

Ó mú káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ jáde. Màmá gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ bí ẹni ń wo aṣọ bóyá ó ní ihò.

"Ọkùnrin ni wọ́n kọ síbí."

"Ọkùnrin ni, mà."

"Ṣé ó pẹ́ kí wọ́n tó kọ ọ́ fún ẹ?"

"Ní ọ́fíìsì wọn, ọjọ́ márùn-ún. Kó tó kan ọ́fíìsì, ọdún mọ́kàndínlógójì."

Màmá rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá bi í ní ìbéèrè kan nípa ohun tó wà lábẹ́ aṣọ. Mo wolẹ̀. Leandro rọra gbé spánà sílẹ̀.

"Màmá, Bọ̀dá Eparquio oníbúrẹ́dì kọ lẹ́tà sí yín lóṣù tó kọjá. Mo gbọ́ ọ lórí rédíò. Ṣé ẹ bi àwọn náà bẹ́ẹ̀?"

"Rárá o!"

"Kí ló dé?"

"Kò kàn mí ni."

"Ó dáa."

Màmá fọwọ́ lu orúnkún ara wọn. "O mú mi. Mo tọrọ gááfárà. Tí inú bá bí ẹ, kí lo máa ń ṣe?"

"Mo máa ń tú ẹ́ńjìnnì. Tí mo bá fi máa tò ó padà tán, mi ò ní rántí ẹni tó ṣẹ̀ mí mọ́."

Mo rí i lójú wọn pé èsì náà dùn mọ́ wọn. Wọ́n dìde, wọ́n ní àwọn á ka lẹ́tà náà. Ìgbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ni Leandro sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wọn.

"Ẹ̀yin ńkọ́, Màmá? Gbogbo ìlú lẹ ti bá wá ẹnìkejì. Ta lẹ̀yin ń wá?"

Màmá ṣí agboòrùn sínú ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, lábẹ́ òrùlé, wọ́n fi gbá ẹ́ńjìnnì méjì kí wọ́n tó jáde.

Ẹni tó ni ilé rédíò ni Emiro Vanegas. Èmi àti ẹ̀ jọ lọ iléèwé, èèyàn rere ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tètè ń bà á. Nígbà tó gbọ́ irú lẹ́tà tí a fẹ́ kà, ó gbá orí mú.

"Màmá, ẹ fẹ́ pa mí. Àwọn oníṣòwò ìrẹsì tó ń polówó lọ́dọ̀ wa, onísìn ni wọ́n o."

"Emiro, ta ló rán aṣọ ìgbéyàwó fún ìyàwó rẹ àkọ́kọ́?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ìkejì ńkọ́?"

"Ẹ̀yin náà ni."

"Ta ló ka lẹ́tà tó o fi rí ìkejì yẹn?"

Emiro fọwọ́ nu òógùn ọrùn rẹ̀.

"Ṣé mo sọ lórí rédíò pé o máa ń hanrun débi tí ìyàwó àkọ́kọ́ fi kó lọ sí yàrá ìdáná? Mi ò sọ. Ìwọ náà ò sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Ọkùnrin tó ni lẹ́tà yìí ti sọ tiẹ̀ kẹ́nikẹ́ni tó bi í. Nínú ìwọ àti òun, èwo ló ṣòótọ́ jù?"

Emiro wò mí bóyá màá gbà á sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún wáyà ṣe. Ó ní, "Ẹ kà á lẹ́yìn ìpolówó ìrẹsì o. Ẹ má kà á ṣáájú." Bó ṣe gbà nìyẹn.

Lọ́jọ́ Sátidé, Màmá ka lẹ́tà Leandro bó ṣe wà, láìfi kún un, láìyọ kúrò. Wọ́n wá fi tiwọn sí i: "Mo ti rí i. Ó nu àga kí n tó jókòó. Ẹ lè pè wá."

Ẹni àkọ́kọ́ tó pè, ọkùnrin ni. "Ẹ̀yin ará rédíò, ṣé ayé ti wá bàjẹ́ tó báyìí?"

"Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

"Ẹ má wulẹ̀ bèèrè orúkọ mi."

"Ẹni tó kọ lẹ́tà kọ orúkọ ẹ̀ gàdàgbà. Ìwọ tó o jókòó sílé ò lórúkọ?"

Ó gé e.

Apẹja kan ló tẹ̀ lé e. "Màmá, ẹ́ńjìnnì mi ti ń ṣiṣẹ́. Ọdún méjì ni mo fi gbé e kiri kí Leandro tó fọwọ́ kàn án. Mi ò mọ nǹkan mìíràn, mi ò sì fẹ́ mọ̀." Lẹ́yìn rẹ̀, ìyá àgbàlagbà kan láti erékùṣù kan lókè odò: "Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ bèèrè ni pé, ṣé lóòótọ́ ló mọ̀ ọ́n jó? Àwọn ọkùnrin tó ń sọ bẹ́ẹ̀ pọ̀." Màmá ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, àwọn á wádìí.

Ìpè tó kẹ́yìn ni mi ò gbàgbé. Obìnrin ni, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ gan-an. "Màmá, tó bá jẹ́ obìnrin ló ń wá obìnrin ńkọ́? Ṣé ẹ máa ka lẹ́tà tiẹ̀ náà?"

Mo wo Màmá láti ẹ̀yìn gíláàsì. Wọn ò mọ̀ pé a óò bi àwọn ní irú nǹkan báyẹn, mo mọ̀. Wọ́n ń fi ìka yí òrùka tó wà lọ́wọ́ wọn.

"Ṣé á jẹ́ kí n wá rí òun?"

"Á jẹ́ kẹ́ ẹ wá, mà."

"Kó kọ ọ́, kó fi sínú àpótí."

Mi ò ní purọ́ pé gbogbo ìlú gbà á. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, a bá ọ̀dà pupa lára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù Leandro. Orúkọ àtijọ́ yẹn ni ẹnìkan kọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Leandro ra ọ̀dà aláwọ̀ aró, ó kun gbogbo ilẹ̀kùn náà kó tó mu kọfí. Àwọn oníbàárà mélòó kan gbé ẹ́ńjìnnì wọn lọ sí ìlú tó wà nísàlẹ̀ odò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mẹkáníìkì ibẹ̀ fi dá wọn dúró, wọ́n sì rọra gbé e padà wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò jẹ́ kí ojú àwọn àti Leandro ṣe mẹ́rin. Ó tún un ṣe fún wọn.

Nípa ti obìnrin tí lẹ́tà ń wá, kò sí ẹni tó yọjú. Oṣù kan kọjá. Èmi fúnra mi ti ń gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà kọjá lójoojúmọ́ báyìí, n kì í rẹ́rìn-ín mọ́. Mo máa ń kí i pé "Leandro, o ǹlẹ́ o," ó máa ń ní "Bọ̀dá Libardo, ẹ ǹlẹ́ ńbẹ̀ yẹn." Nǹkan kékeré ni, àmọ́ ó gbà mí lákòókò kí n tó lè ṣe é láìronú sí i.

Ọ̀sán ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan ni mo lọ gba ṣòkòtò mi tí Màmá ń ká ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tí Osiris Mejía wọlé. Nọ́ọ̀sì ni, òun ló máa ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ sáwọn abúlé. Ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì ni, òun àti ọkọ rẹ̀ ti túká tipẹ́.

Ó ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì yẹn ló gbé mi wá."

"Ẹ́ńjìnnì ẹ bàjẹ́ ni?"

"Kò bàjẹ́. Wàhálà mi gan-an nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbé e lọ bá a lóṣù yìí, kò sì sí ohun tó ṣe é."

Màmá yọ píìnì tó wà lẹ́nu wọn. "Jókòó, ọmọ mi. Libardo, ṣòkòtò ẹ ò tíì tán."

Ó ti tán o. Mo jókòó.

Osiris ní, "Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, tí mo bá ń bá a rìn, kí ni wọ́n á máa pe èmi náà? Àbúrò mi ti sọ ọ̀rọ̀ kan sí mi tí mi ò lè tún sọ níwájú yín."

"Kí ni ìwọ rò pé o jẹ́?"

"Ọkùnrin ló máa ń wù mí, Màmá. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tí mo bá sì wo ẹni yìí, ọkùnrin ni mò ń rí. Kí ló dé tí mo wá ń da ara mi láàmú?"

"Ọkọ ẹ tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ṣé o da ara ẹ láàmú nítorí tiẹ̀?"

"Ìyẹn? Gbogbo ìlú ló gbà pé ọkùnrin ni, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè. Ọdún mẹ́fà ló fi sùn sínú àwọ̀n ìsùn tó so mọ́ òpó. Tí mo bá ń gbálẹ̀, mo kàn ń gbá abẹ́ ẹ̀ kọjá ni."

Ẹ̀rín pa mí débi tí mo fi ṣubú sórí òkìtì aṣọ. Màmá náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọ́n tètè dá a dúró.

"Mi ò mọ ohun tí wọ́n á máa pè ẹ́," ni wọ́n sọ. "Ó yẹ kí n mọ̀, mo ti ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́. Mi ò mọ̀ ọ́n. Jẹ́ ká bi òun náà."

Ọ̀sán ọjọ́ Sunday ni wọ́n pàdé ní fàráńdà Màmá. Màmá se ọbẹ̀ ẹja bocachico pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n sì ní kí n gbé rédíò mi wá kí orin lè wà. Leandro dé nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó le gbagidi, òróró sì wà lẹ́yìn etí rẹ̀ níbi tí ọṣẹ ò dé. Osiris rí i, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ nù ún kí wọ́n tó kíra tán.

A jẹun. Ìgbà tó pẹ́, Osiris ní, "Tí àwọn èèyàn bá bi mí pé ta ni mò ń bá jáde, kí ni kí n sọ?"

"Sọ pé Leandro ni."

"Tí wọ́n bá ní, kí ni Leandro?"

"Sọ fún wọn pé mẹkáníìkì ni."

Osiris bú sẹ́rìn-ín, omi ọbẹ̀ gba imú ẹ̀ yọ. Ó ní, "Ṣé ẹ̀rù ò bà ẹ́ ni?"

Leandro na ọwọ́ méjèèjì sórí tábìlì. Wọ́n ń gbọ̀n. "Látàárọ̀ ni wọ́n ti ń ṣe báyìí," ló sọ. "Mi ò lè mú síkúrúdẹ̀rẹ́fà dáadáa."

Màmá ní kí n yí orin sókè. Nípa ti ìyá àgbàlagbà orí erékùṣù, kí ọkàn wọn balẹ̀: ó mọ̀ ọ́n jó. Kì í fò, kì í ju ara kiri. Ó ń rìn yí Osiris ká bí ẹni tó ń fi ọkọ̀ gba àárín òkúta kọjá, tó mọ ibi tí òkúta kọ̀ọ̀kan wà. Osiris ò yọ ojú kúrò lára ẹ̀.

Wọ́n ṣì wà pa pọ̀ títí di bí mo ṣe ń sọ èyí. Àwọn aláṣẹ ìlera gbé Osiris lọ sí abúlé kan lókè odò, gbogbo ọ̀sán Fráídè sì ni Leandro ń fi ẹ́ńjìnnì tó fọwọ́ ara ẹ̀ tò gòkè lọ bá a. Wọ́n máa ń jà. Àbúrò Osiris ò tíì gbà láti bá Leandro jókòó sídìí tábìlì kan náà, nígbà Kérésìmesì, ìdúró ló jẹun nílé ìdáná. Osiris ní òun á dúró dè é. Leandro ní kí Osiris má dúró de ẹnikẹ́ni nítorí tòun. Ìjà wọn nìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù.

Obìnrin tó pè wá níjọ́sí náà kọ lẹ́tà tiẹ̀. Màmá lọ rí i, wọ́n sì kà á. Lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti ibi tí a ò ronú kàn: ọkùnrin tó ń wá ọkùnrin tó lè bá a ṣọ́ màlúù, opó ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin tó ní òun ò fẹ́ ọkọ tí yóò bá òun gbélé, òun kàn fẹ́ èyí tí yóò máa wá lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Gbogbo wọn ni Màmá ń lọ rí. Wọ́n á padà dé, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á bi mí: "Libardo, ìwọ, báwo lo ṣe mọ̀ pé ìyàwó ẹ ni o fẹ́? Kí ló ṣe ẹ́ gan-an? Níbo lára?" Mo máa ń tiraka. Wọ́n á fetí sílẹ̀ bí ọmọdé tí à ń sọ̀rọ̀ òkun fún.

Sátidé kan nínú oṣù kẹsàn-án, wọ́n ka lẹ́tà méjì, mo nawọ́ láti fi orin sí i, wọ́n gbé ọwọ́ sókè sí mi láti ẹ̀yìn gíláàsì pé kí n dúró.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ni wọ́n sọ, "ọmọkùnrin kan bi mí ní ìbéèrè nínú oṣù kẹta, mo sá fún un. Kò dáa. Èmi tí mò ń bi gbogbo yín. Ó bi mí pé ta ni mò ń wá. Kò sí ọkùnrin kankan tó kú sódò nítorí mi o. Ẹ̀yin lẹ pa á síbẹ̀, mo kàn jẹ́ kó wà. Mi ò wá ẹnikẹ́ni. Mi ò fẹ́ ọkùnrin rí, mi ò fẹ́ obìnrin rí. Mò ń gbọ́ tí ẹ̀ ń sọ ọ́, ó ń dùn létí mi, ó sì ń dùn mọ́ mi bí mo bá so yín pọ̀. Ṣùgbọ́n tèmi ò wá. Nígbà tí mo wà lọ́mọge, mo rò pé àìsàn ni. Mo gbàdúrà sí i. Ìdí tí mo fi ń bi yín léèrè tó báyìí nìyẹn: mo fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣe yín. Mi ò mọ̀ bóyá orúkọ wà fún irú mi. Libardo, fi orin sí i."

Mo fi orin sí i. Ìpolówó ìrẹsì ni mo ṣèèṣì kọ́kọ́ fi sí i. Ẹnikẹ́ni ò pè lọ́jọ́ yẹn. Màmá dúró títí ètò fi parí, wọ́n gbé báàgì wọn, wọ́n ní, "Ó ti jáde," bí ẹni pé eyín ni wọ́n yọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀ ni lẹ́tà kan gba ọ̀nà odò dé, ìkọ̀wé rẹ̀ gún régé bíi ti ojú pátákó ìkọ̀wé. Teolinda Ricardo ló kọ ọ́, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni àádọ́rin ọdún. Kò gùn. "Èmi náà ni. Mo ti rò pé èmi nìkan ni, tí mo bá yọ àwọn sístà ṣọ́ọ̀ṣì tí kì í lọ́kọ kúrò. Mi ò wá ọkọ, mi ò wá aya. Mò ń wá ẹni tó mọ dòmínò ta, tí kì í sì í sùn sórí ayò."

Màmá ò kà á lórí rédíò. Wọ́n gbé agboòrùn, wọ́n wọ ọkọ̀ aago méje láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọn ò ní kí n tẹ̀ lé àwọn.

Láti ìgbà yẹn, gbogbo ọjọ́ Sunday lẹ́yìn Máàsì ni Tíṣà Teolinda ń sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté pẹ̀lú àpótí dòmínò tiẹ̀, torí ó ní ti Màmá ti gbó. Wọ́n á jókòó sí fàráńdà, wọ́n á máa fi dòmínò lu tábìlì kíkan-kíkan, àdúgbò ò ní lè sùn lọ́sàn-án. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo wà níbẹ̀ nígbà tí Màmá di ọwọ́ Tíṣà mú láàárín ayò.

"Teolinda, o jí ọmọ ayò kan. Mo rí ẹ."

"Ta ló jí nǹkan? Libardo, ṣé ìwọ rí i?"

Mo ní mi ò rí nǹkan kan.

Màmá ò jágbe. Wọ́n fa àga wọn sún mọ́ ọn, wọ́n tẹ orí sápá kan. "Ó dáa, mi ò bínú. Ṣùgbọ́n báwo lo ṣe ṣe é? Inú ọwọ́ aṣọ ni àbí abẹ́ itan? Ṣe é kí n rí i."